Ta ló ní dílà nìkan ló gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò rẹ?

Bí o bá ra mọ́tò tuntun ní Houston, tí o gbé e lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, àwọn èèyàn á bá ọ yọ̀, wọ́n á gbàdúrà sí i. Kí o tó kúrò níbẹ̀, ẹnìkan á fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Á ní, “Má jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan fọwọ́ kan ọ́ìlì rẹ̀ o. Dílà ni kí o máa gbé e lọ. Ọjọ́ tí o bá pààrọ̀ ọ́ìlì níta, wáráńtì ti bàjẹ́ nìyẹn.” Àwọn tó dúró nítòsí á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dílà tó ń wí ni ẹni tó ń ta mọ́tò tuntun lórúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é; wáráńtì sì ni ìlérí ilé-iṣẹ́ náà pé bí àléébù tó bá mọ́tò wá bá yọjú láàárín iye àkókò tàbí máìlì kan, òun á tún un ṣe. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń fi mọ́tò gbé èrò, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta mọ́tò fúnra wọn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ń dùn mí jù, nítorí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé ibẹ̀. Magnuson-Moss Warranty Act ni wọ́n ń pe òfin náà. Sẹ́nétọ̀ Warren Magnuson ti ìpínlẹ̀ Washington àti John Moss, aṣòfin láti California, ni wọ́n fi sọ ọ́, Ààrẹ Gerald Ford ló sì buwọ́ lù ú ní oṣù Kìíní ọdún 1975. Ó ní ilé-iṣẹ́ tó fún ọ ní wáráńtì kò gbọdọ̀ fi dandan lé e pé ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ní orúkọ òun ni kí o rà, tàbí pé ṣọ́ọ̀bù tí òun dárúkọ ni kí o lò, kí wáráńtì náà tó lè dúró. Àyè méjì péré ló wà: bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí bí ó bá ti lọ bá FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, tó fi ẹ̀rí hàn pé ọjà òun kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí nǹkan yẹn, tí àjọ náà sì gbà fún un.

Òfin náà kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ní ọdún 2015, FTC fẹ̀sùn kan BMW lórí ẹ̀ka MINI rẹ̀, pé wọ́n ń sọ fún àwọn tó ni MINI pé wáráńtì wọn á bàjẹ́ àfi bí wọ́n bá ń lo ẹ̀yà MINI lọ́dọ̀ dílà MINI. BMW gbà láti jáwọ́ nínú rẹ̀. Ní 2022, ó kan Harley-Davidson tó ń ṣe alùpùpù, lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dúró lẹ́yìn káńtà tó ń sọ ọ́ fún ọ lónìí, má rò pé ohun tí òfin wí ló ń kà sí ọ létí.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ìyàwó mi ló jẹ́ kí n wádìí gbogbo èyí. Mọ́tò tuntun ló rà, ó fi ń gbé èrò láti ìdájí títí di òru. Máìlì 41,000 àti díẹ̀ ló wà lójú dáṣíbọọ̀dù nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan kó-kó-kó bí ẹni ń fi òòlù lu irin, iná ọ́ìlì tàn, ó sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀. Wáráńtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé máìlì 60,000. Wọ́n wọ́ mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ dílà kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní àwọn ò ní ṣe é o. Wọ́n ní mi ò pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọ̀ àwọn.”

“Ṣé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ?”

“Rárá, sà. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tuntun jẹ́ dọ́là 9,000.”

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, a ṣí píjìnhóòlù mọ́tò náà. Rìsíìtì kún un fọ́fọ́, inú mi kọ́kọ́ dùn. A tú wọn sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ti ṣá, wọ́n funfun báláú bí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí rí. Àwọn mìíràn ti dúdú láti etí dé etí. Irú ìwé tí ẹ̀rọ ń fi ooru tẹ̀ ni, kò sì sí ooru tó tó ti inú mọ́tò tí wọ́n pààkì sínú oòrùn Houston. Ẹyọ kan ṣoṣo ni a rí kà: ọjọ́ wà níbẹ̀, iye owó wà níbẹ̀, irú ọ́ìlì tí wọ́n lò, 0W-20, wà níbẹ̀. Iye máìlì kò sí.

Ọ̀rọ̀ méjì ni dílà náà dà pọ̀ mọ́ra wọn, èmi náà kò sì tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé, “o ò pààrọ̀ ọ́ìlì lọ́dọ̀ wa.” Ìyẹn kò ní ìtumọ̀ kankan. Èkejì ni pé, “a ò rí ẹ̀rí pé o pààrọ̀ ọ́ìlì rárá.” Ìyẹn ló wúwo. Ìwé tó bá mọ́tò wá ti sọ iye máìlì àti oṣù tó yẹ kí o fi máa pààrọ̀ ọ́ìlì, ilé-iṣẹ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ọ́ bóyá o ṣe é. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nítorí pé o ò ṣe é, wọn ò jẹ ọ́ ní gbèsè. Ẹni tó bá gbọ́ pé òfin gbè é, tó wá sinmi, tó ń da rìsíìtì nù, ti kúrò nínú ìgbàgbọ́ òdì kan bọ́ sínú òmíràn, èyí kejì yìí ló sì ń náni lówó jù.

Ọ̀rọ̀ “nítorí” tí mo kọ yẹn ni kókó. Ohun tí FTC fúnra rẹ̀ ń sọ ni pé kí ilé-iṣẹ́ tó kọ̀ láti tún nǹkan ṣe, àfi kó fi hàn pé ẹ̀yà tí o lò tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i níta ló ba nǹkan náà jẹ́. Bí rédíò bá kú, ọ́ìlì kò bá a tan. Bí gíláàsì fèrèsé kò bá gòkè mọ́, kò sí ẹni tó yẹ kó máa bi ọ́ léèrè rìsíìtì ọ́ìlì. Kódà bí ó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló kú, kí wọ́n sọ ohun tó pa á.

Ọ́ìlì tí wọn ò pààrọ̀ máa ń ki, á di ẹrẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ náà á dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè láti ìsàlẹ̀, àwọn béárì tó gbé irin tó ń yí á gbẹ, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Bí wọ́n bá ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ẹrẹ̀ yẹn ò ṣeé fi pamọ́. Béárì sì tún lè gbẹ lọ́nà mìíràn tí ẹni tó ni mọ́tò kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, Hyundai ké sí nǹkan bíi 470,000 Sonata ti ọdún 2011 àti 2012 padà, nítorí pé èérún irin tó ṣẹ́ kù nínú ẹ́ńjìnnì láti ilé-iṣẹ́ lè dí ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà dé ibi béárì. Ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lóṣooṣù pàápàá kò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan.

Ti Toyota tilẹ̀ kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì àwọn kan nínú mọ́tò rẹ̀ láti 1997 sí 2002, Camry wà nínú wọn, ń di ẹrẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru àwọn tó ni mọ́tò, pé wọn ò pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Àwọn tó ní rìsíìtì ń gbé rìsíìtì wá. Nígbà tí ariwo pọ̀, ní 2002, Toyota nawọ́ ìrànlọ́wọ́ sí mọ́tò tó ju mílíọ̀nù 3 lọ, fún ọdún 8 láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà wọ́n, bí ẹni tó ni ín bá ṣáà ti lè fi hàn pé òun ń gbìyànjú láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Púpọ̀ nínú irú Camry wọ̀nyẹn ló ti gba Àpápá wọlé gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀, mo sì máa ń ronú nípa iye ẹni tí mẹkáníìkì wọn bá wí ní Èkó pé wọn kì í tọ́jú mọ́tò.

Wáyìí o, ẹ̀rí wo ló tó? Rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí tó ní ọjọ́, iye máìlì, nọ́ńbà mọ́tò àti irú ọ́ìlì tí wọ́n lò. Bí wọn ò bá kọ máìlì sí i, ní kí wọ́n kọ ọ́ kí o tó sanwó. Ya fọ́tò rìsíìtì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o sì ya ojú dáṣíbọọ̀dù tì í. Bí o bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì fúnra rẹ nílé, òfin kò dí ọ lọ́wọ́. Tọ́jú rìsíìtì ọ́ìlì àti ti fítà, ìyẹn asẹ́ tó ń sẹ́ ọ́ìlì, kí ó hàn pé irú èyí tí ìwé mọ́tò ní kí o lò lo rà, kí o sì kọ ọjọ́ àti máìlì sílẹ̀ ní ojú ewé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́, kí ó ka ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ líle: ọ̀pọ̀ Toyota tó ń lo 0W-20 ní máìlì 10,000 tàbí ọdún kan fún ìlò lásán, ṣùgbọ́n ó jẹ́ 5,000 tàbí oṣù 6 fún ìlò tó le. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ti ń ṣubú.

Bí ó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù náà ló ṣe àṣìṣe, bí wọn ò bá yọ rọ́bà fítà àtijọ́ kúrò kí wọ́n tó fi tuntun lé e, tí ọ́ìlì wá jò tán lójú ọ̀nà, ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù ni wàá ti gba owó rẹ. Àléébù tó bá mọ́tò wá láti ilé-iṣẹ́ ni wáráńtì wà fún.

Má sì da wáráńtì pọ̀ mọ́ ìwé tí wọ́n ń tà fún èèyàn nídìí tábìlì lọ́jọ́ tó bá ń ra mọ́tò, tí wọ́n ń pè ní wáráńtì àfikún. Àdéhùn tí o fowó rà ni ìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ni ín, ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ nípa rìsíìtì ni wọ́n máa fi dá ọ lẹ́jọ́. Kà á délẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí i.

Ní ti àbúrò wa, ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a ní kí dílà kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀: kí ló pa ẹ́ńjìnnì yìí, kí ni ẹ rí tí ẹ fi mọ̀? Orin yí padà lọ́jọ́ náà, nítorí wọn ò tíì ṣí i rárá. A pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà gan-an, nítorí àwọn ló ni wáráńtì, dílà kàn ń bá wọn ṣiṣẹ́ ni. A padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ń lò. Wọ́n tẹ nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìgbà 7 tó ti wá jáde, pẹ̀lú máìlì. Báǹkì rẹ̀ fún wa ní ọjọ́ tó san owó kọ̀ọ̀kan. A tún mọ̀ pé bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, ilé-ẹjọ́ kékeré ní Texas ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju dọ́là 20,000 lọ, àti pé lábẹ́ òfin 1975 yẹn, adájọ́ lè ní kí ilé-iṣẹ́ san owó lọ́yà fún oníbàárà tó bá jàre.

A ò débẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹ́ńjìnnì, inú rẹ̀ mọ́, kò sí ẹrẹ̀. Béárì kan ló jẹ. Àmọ́ àlàfo kan wà nínú ìwé wa: ìgbà kan wà tó wa máìlì 9,000 kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Wọ́n di ìyẹn mú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé-iṣẹ́ náà san owó ẹ́ńjìnnì, àbúrò wa san owó iṣẹ́, dọ́là 1,900. Ó ní ká bá wọn jà sí i, mo ní kó gbà á, nítorí máìlì 9,000 yẹn, òun ló wà á.