Ẹsẹ̀ tí òtútù ti jẹ, ẹ yé gbé e sórí híítà

Tí blizzard, ìyẹn ìjì yìnyín líle, bá ti ń bọ̀ létí òkun Labrador ní Kánádà níbí báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà làwọn ọmọ wa máa ń sọ fún mi, "Nọ́ọ̀sì, mo kàn fẹ́ sáré dé ṣọ́ọ̀bù, kò jìnnà." Ẹ jókòó sílé jàre! Yìnyín kọ́ ni ìṣòro tó le jù, atẹ́gùn ni. Ní Kánádà, kí wọ́n tó pe ìjì kan ní blizzard, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa sáré tó kìlómítà 40 ní wákàtí kan, èèyàn ò ní ríran ju 400 mítà lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tó wákàtí 4. Tí òtútù bá wà ní -20 lórí ìwọ̀n Celsius, tí atẹ́gùn yẹn wá kún un, bíi -34 ni ara yín máa mọ̀ ọ́n sí, ibi tí ẹ ò bò sì lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30.

Ní January 17, 2020, yìnyín tó bọ́ ní St. John's lọ́jọ́ kan ṣoṣo lé ní 76 sẹ̀ǹtímítà, sójà ni wọ́n ní kó wá bá wọn kó o. Ìlú ńlá nìyẹn o. Nain tó jẹ́ ìlú kékeré ní Labrador ńkọ́, tí ò sí títì kankan tó dé ibẹ̀? Tí ìjì bá ń jà, balúù ò lè balẹ̀, ọwọ́ àwa nọ́ọ̀sì lẹ wà, a sì mọ iṣẹ́ wa dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ ara yín ba ẹsẹ̀ yín jẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e wá.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tí òtútù bá jẹ ẹran ara, omi inú ẹran yẹn á di yìnyín, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ibẹ̀ á sì kú tipiri, ẹ ò ní mọ nǹkan kan lára mọ́. Ìdí tí iná fi léwu nìyẹn, ó máa jó yín, ẹ ò sì ní mọ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ̀, 37 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius, kẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru wọ̀n ọ́n, ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ wò tí ẹ ò bá ní ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fi í síbẹ̀ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú títí á fi rọ̀ tí àwọ̀ á sì padà. Ó máa dùn yín gan-an, ẹ lo oògùn ìrora. Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má bẹ́ ohun tó bá lé ròrò. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣì máa padà sínú òtútù, ẹ má tíì yọ́ ọ rárá, torí èyí tó yọ́ tó tún dì, ìyẹn ló ń ba ẹsẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Àwọn tó ń ta ìpara lórí WhatsApp, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ra ẹsẹ̀ kíkankíkan kẹ́ ẹ wá mu ògógóró lé e, irọ́ ni wọ́n ń pa! Ọtí máa ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ ni, ẹ máa rò pé ara yín ti móoru, bẹ́ẹ̀ ooru inú yín ló ń sá jáde.

Ọmọkùnrin kan tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tutù tẹ́lẹ̀ ra ìpara yẹn, ó pa á, ó gbé ẹsẹ̀ lé híítà, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Òórùn ẹran tó ń jó ló kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ó le bí àbẹ́là, abẹ́ rẹ̀ sì ti jóná dúdú, ìpara ṣì wà láàárín wọn. Ìjì ò jẹ́ kí balúù wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Goose Bay títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Wọ́n gé ọmọ ìka méjì. Èyí tí iná ò kàn, gbogbo rẹ̀ ló jinná.