Ohun Tí Kóòṣì Bá Nílẹ̀, Ohun Tó Fi Sílẹ̀

Kóòṣì bọ́ọ̀lù yunifásítì ní Amẹ́ríkà (ti alákoto tí wọ́n ń gbá mọ́yà sá ni o, kì í ṣe àfẹsẹ̀gbá) kì í sábà pẹ́ lójú kan. Á bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì kékeré tí èèyàn púpọ̀ kì í wò lórí tẹlifíṣàn, á sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tí àríyànjiyàn bá wá dé lórí bóyá ó mọṣẹ́ àbí orí ló kàn bá a ṣe é, ife ẹ̀yẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wò kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn ni wọ́n ń padà sí: kí ló bá nílẹ̀ níbẹ̀, kí ló sì fi sílẹ̀?

Ohun tó bá nílẹ̀ kò ṣòroó rí. Lọ́dún 2000, ìfigagbága 2 péré ni yunifásítì Bowling Green jẹ nínú 11. Kóòṣì Urban Meyer dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ 8, wọ́n pàdánù 3. Ó kọjá sí Utah lọ́dún 2003. Láàárín ọdún méjì, ó jẹ 22, ó pàdánù 2, kò sì sẹ́ni tó rí wọn mú rárá ní sáà 2004. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn kò ní lanu nígbà tó gba ife ẹ̀yẹ fún Florida ní sáà 2006 àti 2008.

Ibi tó ti ń di gbọ́nmi-si-omi-ò-to ni pé agbábọ́ọ̀lù máa ń lo bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ní yunifásítì. Nítorí náà, ikọ̀ tí kóòṣì tuntun kó wọ pápá lọ́dún àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ló ṣà á jọ. Kóòṣì Butch Davis ló tún yunifásítì Miami tò, lásìkò tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá yunifásítì, ti gé iye ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n lè fún agbábọ́ọ̀lù. Ó lọ sí NFL (líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe) lọ́dún 2001, ìgbákejì rẹ̀ Larry Coker gorí àga, ó jẹ ìfigagbága 12 nínú 12, ó gba ife. Lọ́dún kejì ó pàdánù 1, lọ́dún kẹta 2, lẹ́yìn náà 3, 3. Lọ́dún 2006 ó pàdánù 6, wọ́n lé e. Orí ebè tí Davis kọ ló ti wa iṣu, iṣu sì ń tán lọ. Àmọ́ ká má rẹ́ ẹ jẹ jù: ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti fa abà tó kún lé lọ́wọ́ tó sì bà á jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Gene Chizik ló máa ń da orí ọ̀rọ̀ yìí rú. Ìgbákejì tó ń darí àwọn adẹ̀yìnmú ni ní Auburn lọ́dún 2004 àti ní Texas lọ́dún 2005, kò sẹ́ni tó na ìkankan nínú méjèèjì. Iowa State sọ ọ́ di ọ̀gá pátápátá. Ó jẹ 5, ó pàdánù 19. Nígbà tí Auburn tún lọ gbé e wá, olólùfẹ́ ikọ̀ kan lọ pàdé ọ̀gá eré ìdárayá wọn ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ń pariwo lé e lórí. Lọ́dún 2010, Chizik jẹ 14 nínú 14, Cam Newton ni quarterback rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń darí ìkọlù ikọ̀. Lọ́dún 2012 ó jẹ 3 nínú 12, wọ́n ní kó máa lọ. Iowa State jẹ́ ilẹ̀ olókùúta tó ti dá ọkọ́ ọ̀pọ̀ kóòṣì, ọdún méjì sì kéré. Síbẹ̀, lójú tèmi, ó sọ òótọ́ nípa Chizik ju ife Newton lọ.

Ohun tó fi sílẹ̀ wá ńkọ́? Utah jẹ 13 nínú 13 lọ́dún 2008 lábẹ́ Kyle Whittingham, tó jẹ́ ìgbákejì Meyer tẹ́lẹ̀. LSU (yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana) gba ife ní sáà 2007, Nick Saban tó ti fi wọ́n sílẹ̀ láti òpin sáà 2004 ló sì ṣa púpọ̀ nínú ikọ̀ yẹn jọ. Ìwé àkọsílẹ̀ fún Les Miles, tó gba ipò Saban, ní gbogbo ẹ̀.

Láti ọdún 2021, òfin ti gba agbábọ́ọ̀lù láyè láti kó lọ sí yunifásítì mìíràn láìjókòó fún ọdún kan. Kóòṣì Curt Cignetti kúrò ní yunifásítì James Madison lẹ́yìn sáà 2023, agbábọ́ọ̀lù 13 tẹ̀ lé e lọ sí Indiana. Indiana tó jẹ 3 lọ́dún náà jẹ 11 lọ́dún 2024. Ó kó èbù dání lọ ni ká wí. Bẹ́ẹ̀, James Madison tó kó wọn kúrò níbẹ̀ náà ṣì jẹ 9 lọ́dún kan náà, kóòṣì tuntun ni wọ́n sì kọ ọ́ sí lọ́rùn.