Ìfọmọ-mọ-baba: ọ̀rọ̀ "òkúta" nínú ìdílé èdè Turkic
Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè bá kó ọ̀rọ̀ tó jọra jọ láti inú àwọn èdè tó jẹ́ ẹbí kan náà, tí wọ́n sì ti ara wọn mọ ọ̀rọ̀ tí èdè baba ńlá wọn lò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sílẹ̀, ìfọmọ-mọ-baba ni mo ń pe iṣẹ́ náà. Àwọn kan ń kọ "rikọnsitirọ́ṣọ̀n", èyí tí kò ta ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lólobó ohunkóhun. "Àtúndá" tí àwọn mìíràn fara mọ́ tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a kò dá nǹkan kan, ẹ̀rí ni à ń tẹ̀ lé. "Àtúnkọ́" ìbá sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí àmì ohùn bá ti bọ́ lórí rẹ̀, bó ṣe máa ń bọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé tí a tún kọ ni òǹkàwé yóò rò pé à ń sọ. Orúkọ tèmi sọ iṣẹ́ náà gan-an: baba kú láìya fọ́tò, ojú àwọn ọmọ la ó fi mọ ojú rẹ̀, ọmọ tó sì ti re àjò jìnnà lè jẹ́ ẹni tó gbé imú baba lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀-orúkọ tó túmọ̀ sí òkúta nínú àwọn èdè Turkic, ìyẹn àwọn èdè tó jẹ́ ẹbí Tọ́kì. Taş ni ní Tọ́kì, tas ni lẹ́nu àwọn Kazakh, tosh ni lẹ́nu àwọn Uzbek (òun ló wà nínú Toshkent, olú-ìlú wọn), taas ni lẹ́nu àwọn Sakha ní Siberia, chul sì ni lẹ́nu àwọn Chuvash lẹ́bàá odò Volga. Ti t àti d tí àwọn kan fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ (daş ni lẹ́nu àwọn Turkmen) kò tó ohun tí a ń jà sí. Fáwẹ̀lì rẹ̀ ló yẹ ká kíyè sí: àwọn Turkmen àti àwọn Sakha, tí ilẹ̀ wọn jìnnà síra gan-an, jọ ń fa a inú rẹ̀ gùn, nítorí náà ọ̀dọ̀ baba ló ti gùn wá.

Ìró ìparí ló le jù. Ẹni tó bá ní àṣìṣe ni l inú chul, kó wo ọ̀rọ̀ tó dúró fún ìgbà òtútù, kış ní Tọ́kì, hĕl ní Chuvash, àti fàdákà, gümüş ní Tọ́kì, kĕmĕl ní Chuvash. Bẹ́ẹ̀ sì ni l wà nínú ọ̀rọ̀ fún apá ní èdè méjèèjì, kol àti hul, èyí tó fi hàn pé l ti òkúta yàtọ̀ sí l ti apá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi kọ ọ́ ní *tāĺ, tí ìràwọ̀ iwájú rẹ̀ ń sọ pé kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan, tí ā jẹ́ a gígùn, tí ĺ sì jẹ́ l tó yàtọ̀ yẹn. Àwọn mìíràn di *tāš mú. Ọ̀dọ̀ àwọn oní-l ni mo wà, nítorí pé àwọn ará Mòǹgólíà pàápàá ń pe òkúta ní chuluu, yálà wọ́n yá a ni o, tàbí wọ́n jogún rẹ̀.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí òkúta ìrántí Kul Tigin, ọmọ ọba àwọn Turkic àtijọ́, tí wọ́n gbẹ́ ní 732 lẹ́bàá odò Orkhon ní Mòǹgólíà, tí Vilhelm Thomsen, onímọ̀ èdè ará Denmark, tú ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ ní 1893, pé taš ló wà lára rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka Chuvash ti yà kúrò lára àwọn yòókù kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, nítorí náà ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ni taš ti 732 náà.