Ẹ̀jẹ́ Lórí Ibùsùn Àìsàn: Bí Ẹgbẹ́ Àwọn Sísítà Oníṣègùn Ti Màríà Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Nílẹ̀ Nàìjíríà

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin, ọdún 1937, obìnrin ará Írẹ́lándì kan jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìsìn lórí ibùsùn àìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Port Harcourt. Ibà ti dá a wó, ọkàn rẹ̀ kò sì lágbára mọ́, débi pé kò lè dìde lọ sí iwájú pẹpẹ kankan. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí náà ló ti sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ náà. Ọmọ ọdún 44 ni, Marie Martin sì ni orúkọ rẹ̀. Kò sí sísítà kan tó ti jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ Medical Missionaries of Mary, ìyẹn àwọn míṣọ́nnárì oníṣègùn ti Màríà, di ohun tí Ìjọ Àgùdà mọ̀ lábẹ́ òfin.

Ó ti tó ọdún 16 tí obìnrin yìí ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà láti wá tọ́jú aláìsàn. Ohun tó fà á tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹgbẹ́ náà, kò sì yẹ kí á fò ó dá.

Wọ́n bí i ní 1892 ní Glenageary, lẹ́bàá Dublin, òun sì ni ìkejì nínú ọmọ 12. Pákó ni bàbá rẹ̀ ń tà, ilé wọn sì rí jẹ, rí mu. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì rán an lọ sí erékùṣù Malta ní 1915, níbi tí wọ́n ń kó àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ní Gallipoli, ní ilẹ̀ Tọ́kì, lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bá ogun náà lọ. Ní 1916, wọ́n gbé Marie lọ sí Hardelot ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tí ogun Somme ṣe léṣe sì ń ya wọlé tọ̀ wọ́n wá pẹ̀lú egbò tó ti ń kẹ̀. Ẹni tó ti fọ irú egbò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kò tún lè fojú kékeré wo ìrora ọmọ ẹ̀dá. Nígbà tí ogun parí, ó kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn àwọn aláboyún tó wà ní Holles Street ní Dublin.

Láàárín àkókò náà, Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Shanahan, tó ń ṣàkóso iṣẹ́ Ìjọ ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ń wá àwọn obìnrin tí yóò ràn án lọ́wọ́. Marie gbà láti lọ. Òun àti Agnes Ryan, ọmọ Írẹ́lándì bíi tirẹ̀, gúnlẹ̀ sí Kàlàbá ní oṣù kẹfà ọdún 1921. Iṣẹ́ aláìsàn ló wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ló bá. Àwọn sísítà ará Faransé tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ náà ti lọ, àwọn òbí kò sì fẹ́ kí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wọn tì. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí wá di olùkọ́. Kò kọ̀ ọ́, kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ó mú ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà ní pàtàkì, nítorí ọmọbìnrin tó bá kàwé lónìí ni yóò di nọ́ọ̀sì àti ìyá tó mọ bí a ti ń ṣe ìtọ́jú lọ́la. Nígbà tí àìsàn gbé Agnes padà sílé, ẹrù náà dá kù sí ọrùn rẹ̀.

Ní 1924, Shanahan bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ sísítà tuntun kan ní Killeshandra, ní Írẹ́lándì, Marie sì padà sílé láti dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni ẹgbẹ́ náà dojú kọ jù lọ, obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀ sì ni tirẹ̀.

Òfin Ìjọ wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Kì í ṣe pé Ìjọ Àgùdà kórìíra ìṣègùn. Ẹni tó bá mọ ilé ìwòsàn Láńtòrò ní Abẹ́òkúta, tí Fadá Coquard dá sílẹ̀ ní 1895, mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn nílẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀bí ló le. Wọ́n kà á sí iṣẹ́ tí kò bá ẹ̀jẹ́ obìnrin onísìn mu, nítorí náà sísítà lè di egbò, ó lè fún aláìsàn lóògùn, ó lè jókòó ti ẹni tó ń kú lọ, ṣùgbọ́n bí obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ẹlòmíràn ni kó wá gbẹ̀bí rẹ̀. Ní ibi tí ẹlòmíràn bá wà, ìyẹn ṣeé fara mọ́. Ní abúlé tí kò sí dókítà, tí kò sì sí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́, wákàtí tí a máa ń gbàdúrà pé kí á gbọ́ ohùn ìyá, kí á gbọ́ ohùn ọmọ, ni òfin sọ pé kí sísítà káwọ́ sẹ́yìn. Lójú tèmi, òfin tó wúwo ni.

Marie nìkan kọ́ ló rí i bẹ́ẹ̀. Agnes McLaren, dókítà ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti bẹ Róòmù, olú ilé Ìjọ Àgùdà, pé kí wọ́n yí òfin náà padà títí tó fi kú ní 1913, nítorí àwọn obìnrin Mùsùlùmí ní Rawalpindi, ní ilẹ̀ Íńdíà ìgbà náà, tí wọn kò lè jẹ́ kí dókítà ọkùnrin fọwọ́ kàn wọ́n. Anna Dengel, ọmọ Austria tó jogún iṣẹ́ rẹ̀, sì dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣègùn sílẹ̀ ní Washington ní 1925. Ní oṣù kejì ọdún 1936, Róòmù fi ìwé àṣẹ síta: àwọn sísítà lè kọ́ iṣẹ́ dókítà àti ti agbẹ̀bí, kí wọ́n sì máa ṣe é.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Marie ń ṣàìsàn, ó ń dìde, ó tún ń ṣubú. Láti 1934, òun àti ìwọ̀nba obìnrin tó dara pọ̀ mọ́ ọn ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ àwọn mọ́ńkì Benedikti ní Glenstal, ní Írẹ́lándì, àwọn mọ́ńkì náà sì ń kọ́ wọn ní ìgbé ayé ìsìn. Bí àṣẹ ti dé, James Moynagh tó ń ṣàkóso Ìjọ ní Kàlàbá gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n sì wọkọ̀ ojú omi ní ìparí ọdún 1936. Kò pẹ́ tí wọ́n dé ni àìsàn gbé Marie dé Port Harcourt. Antonio Riberi, aṣojú póòpù, ló bá a gba ààyè kí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ níbi tó wà.

Àwọn dókítà ní kó padà sí Írẹ́lándì, ó sì padà. Ìlú Drogheda ni ó tẹ̀dó sí, ibẹ̀ ló ti ṣí ilé ìwòsàn aláboyún ní 1939, tó sì di ilé ìwòsàn ńlá ní 1957, níbi tí àwọn tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè ti ń kọ́ṣẹ́. Ní 1963, ẹgbẹ́ Red Cross fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1975 ló papò dà.

Ní Nàìjíríà, iṣẹ́ kò dúró. Ilé ìwòsàn St Luke's ní Anua, lẹ́bàá Úyò, ló kọ́kọ́ gbèrú, ó sì di ibi tí àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ náà ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Àwọn sísítà náà sì lọ bá àwọn adẹ́tẹ̀ ní Ògójà. Ann Ward, ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ dókítà àwọn aláboyún, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Anua àti ní Mbribit Itam, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn obìnrin tí ìrọbí pẹ́ lára wọn títí tí inú wọn fi ya, tí ìtọ̀ ń dà lára wọn tọ̀sán-tòru, tí ọkọ sì ti kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ nítorí òórùn. Ó rán ojú ọgbẹ́ náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, títí tí aṣọ ìdí wọn fi gbẹ.