Fíríwíìlì àti kásẹ́ẹ̀tì: ohun tó yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó náwó lé kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú

Ní àwọn ilé ìtajà ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà bíi Walmart, kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ṣe fún gígun òkè àti ọ̀nà inú igbó pọ̀ lọ jàra, lábẹ́ orúkọ bíi Huffy, Mongoose àti Schwinn, owó wọn sì kéré púpọ̀ sí ti èyí tí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta kẹ̀kẹ́ nìkan ń tà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rà á ló ní in lọ́kàn pé òun yóò máa pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi dára. Bóyá èrò yẹn yóò ṣeé ṣe, tàbí owó náà yóò kàn wọgbó, ohun kan tó wà láàárín wíìlì ẹ̀yìn ló sábà máa ń pinnu rẹ̀: ṣé fíríwíìlì ni àbí kásẹ́ẹ̀tì?

Méjèèjì jọra lójú. Ìdì àwo irin eléyín ni ẹni tó bá wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yóò rí, àwọn kékeré lóde, àwọn ńlá nínú, tí ṣéènì ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí òmíràn nígbà tí a bá ń pààrọ̀ jíà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ibi tí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí a lè dá ẹsẹ̀ dúró kí kẹ̀kẹ́ sì máa lọ wà, ìyẹn àwọn eyín kéékèèké tó máa ń mú nígbà tí a bá ń wà á síwájú, tí wọ́n sì máa ń fò lórí ara wọn, tí wọ́n ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, nígbà tí a bá jẹ́ kó máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Nínú fíríwíìlì, inú ìdì eyín náà gan-an ni ẹ̀rọ yìí wà, a ó sì lọ́ odidi rẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn ìdí àárín wíìlì, bí ìgbà tí a bá ń lọ́ ìdérí mọ́ ìgò. Irú rẹ̀, èyí tó ní àwo kan ṣoṣo, ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, nítorí náà orúkọ náà kò ṣàjèjì sí àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nílé. Ní ti kásẹ́ẹ̀tì, ara họ́ọ̀bù ni ẹ̀rọ náà wà. Àwo eyín nìkan ni a ń kì bọ̀ ọ́, tí a ó sì fi òrùka irin dè é lóde. Ilé iṣẹ́ Shimano ti Japan gbé irú họ́ọ̀bù yìí jáde ní 1978.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú lásán. Nínú họ́ọ̀bù fíríwíìlì, bẹ́rìn apá ọ̀tún, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó ń jẹ́ kí wíìlì yí geere, kò lè sún mọ́ etí férémù, nítorí pé fíríwíìlì ti gba àyè náà. Apá kan lára áàsù, ìyẹn ọ̀pá irin tó la àárín họ́ọ̀bù kọjá, yóò wá wà láìsí ohun tó gbé e dúró, bí àwo eyín bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni apá náà ń gùn sí i. Bí ẹni tó sanra bá ń gun irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ fò lórí gbòǹgbò igi àti òkúta, áàsù lè tẹ̀, ó sì lè dá. Họ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì gbé bẹ́rìn yẹn lọ sí ìpẹ̀kun, nítòsí férémù, níbi tí ìwúwo ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ jíà ló wá kàn. Fíríwíìlì oníjíà 7 ló wọ́pọ̀ lára kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú, àwo rẹ̀ tó tóbi jù sì sábà máa ń ní eyín 28 tàbí 34. Ẹni tí òkè ń dà láàmú lè fẹ́ràn kásẹ́ẹ̀tì oníjíà 9 tó ti eyín 11 dé 42, bí irú èyí tí ilé iṣẹ́ microSHIFT ń ṣe, ṣùgbọ́n kò lè wọ họ́ọ̀bù fíríwíìlì láéláé. Yóò ra wíìlì ẹ̀yìn tuntun, yóò ra ṣéènì, yóò ra ẹ̀rọ tó ń gbé ṣéènì láti orí àwo kan sí òmíràn, àti èyí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kí ó tó parí gbogbo rẹ̀, owó náà lè ti ju iye tó fi ra kẹ̀kẹ́ lọ.

A lè mọ èyí tó wà níbẹ̀ kí a tó sanwó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì ẹ̀yìn, kí ẹ wo àárín àwo tó kéré jù. Ẹ ó rí àwọn géńgé kéékèèké yíká inú rẹ̀, ibi tí irinṣẹ́ ti ń mú. Ẹ wá fi ọwọ́ yí àwọn àwo náà sẹ́yìn. Bí àwọn géńgé náà bá ń bá àwo yí, kásẹ́ẹ̀tì ni. Bí wọ́n bá dúró gbári nígbà tí àwo ń yí, fíríwíìlì ni. Ẹ má ṣe fi iye jíà nìkan pinnu, nítorí fíríwíìlì oníjíà 8 wà lọ́jà.

Lójú tèmi, ẹni tó mọ̀ pé òun yóò fẹ́ ṣe àtúnṣe ńlá, kí ó kúkú fi owó díẹ̀ kún un láti ìbẹ̀rẹ̀: Walmart kan náà ta kẹ̀kẹ́ Ozark Trail Ridge, tó ní kásẹ́ẹ̀tì oníjíà 10, ní nǹkan bíi 400 dọ́là. Ẹni tó ti ní ti fíríwíìlì nílé, kí ó fi owó rẹ̀ mọ sórí táyà, rọ́bà bíréèkì àti pẹ́dà, kí ó sì fi fíríwíìlì rọ́pò fíríwíìlì nígbà tí eyín bá jẹ. Yíyọ rẹ̀ le, torí bí a ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ ló ń fún mọ́ họ́ọ̀bù sí i. Kí ó ra irinṣẹ́ tó bá géńgé rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, kí ó sì fi gíríìsì pa ojú ibi tí yóò lọ́ tuntun mọ́, kí ti ọjọ́ mìíràn lè rọrùn.