Ìrètí oníwọ̀n: ohun tó yẹ ká máa retí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí àpò rẹ̀ fúyẹ́

Mo ti gbọ́ "ìrètí gidi", tí wọ́n fi ń túmọ̀ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "realistic expectations", lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá títí ó fi sú mi. Bí ìdíje Yúróòpù bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá ti da ẹgbẹ́ tí kò lówó pọ̀ mọ́ Real Madrid tàbí Bayern Munich, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà "ní ìrètí gidi". Kí ni wọ́n ń pè ní ìrètí gidi? Ọmọ tó jókòó síbi ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ṣágámù, tó gbà pé Celtic ti Scotland ló máa gbé ife Champions League, ìdíje tó ga jù fún àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù, lọ́dún yìí, ìrètí gidi ló ní. Kò sí ayédèrú kankan níbẹ̀, tọkàntọkàn ló fi ń retí. Ohun tí ìrètí rẹ̀ kò ní ni ìwọ̀n.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ìrètí oníwọ̀n, ìrètí tó bá agbára àti àpò ẹgbẹ́ mu, n kò sì ní yẹsẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọn ò tiẹ̀ fẹ́ ronú rárá, "rìálístíìkì" ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń dùn mí. Yorùbá ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kí bọ́ọ̀lù tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa: ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, ṣe-bó-o-ti-mọ kì í tẹ́. Èdè tó ní irú òwe bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí à ń lọ yá ọ̀rọ̀ fún lórí ohun tó ti mọ̀ tipẹ́.

Àwọn mìíràn ní "ká dín ìrètí wa kù". Èyí ló burú jù, torí ó ń kọ́ àwọn èèyàn pé ọ̀rọ̀ ìtìjú la fẹ́ bá wọn sọ. Ìwọ̀n kì í ṣe ìkéré. Ohun ńlá ní ìwọ̀n, ohun kékeré náà ní tirẹ̀. Bí Manchester City bá parí líìgì sí ipò kẹjọ, wọ́n ti já sísàlẹ̀ ìwọ̀n wọn, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí àwọn olólùfẹ́ wọn dín nǹkan kan kù. Bóyá ìrètí ni ká wá pè é o, bóyá ìfojúsọ́nà ni, n kò bá ẹnikẹ́ni fa ìyẹn. "Oníwọ̀n" ni kí wọ́n má ṣe gbà lọ́wọ́ mi.

Nínú àwọn tí a jọ ń jiyàn lórí orúkọ yìí, ẹni tó sún mọ́ ọ̀nà jù ni ẹni tó ní ká pè é ní "ìrètí tó ṣeé ṣe". Mo gbà pé ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀lù, kí ni kò ṣeé ṣe? Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Sheriff Tiraspol tó wá láti líìgì Moldova lọ bá Real Madrid ní Bernabéu, pápá Madrid, nínú Champions League, wọ́n sì nà wọ́n ní góòlù méjì sí ẹyọ kan. Ó ṣeé ṣe, ó sì ṣẹlẹ̀. Ṣé a wá máa sọ fún ẹgbẹ́ Moldova gbogbo pé kí wọ́n máa retí rẹ̀ ni? Sheriff fúnra wọn, pẹ̀lú ìṣẹ́gun yẹn, ipò kẹta ni wọ́n parí sí nínú ìsọ̀rí wọn, wọn ò kọjá síbi tí Madrid àti Inter kọjá sí. "Ó ṣeé ṣe" kò ya ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó yẹ ká máa bi ẹgbẹ́ léèrè lọ́dọọdún. Ìwọ̀n ló ń yà á.

Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde rí máa tètè rí ohun tí mò ń sọ. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn rẹgbẹ́rẹgbẹ́ á máa tò wọlé níkọ̀ọ̀kan láti jó síwájú Ọba. Ká ní ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan, tíṣà, télọ̀ àti àwọn tó ń tajà l'Ókè-Àjé, ló fẹ́ jó tẹ̀ lé ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Èkó, London àti Amẹ́ríkà, tí owó aṣọ ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn tó ra aṣọ èèyàn mẹ́wàá. Pápá kan náà ni, ìlù kan náà ni, Ọba kan náà ló ń wò wọ́n. Bí alága ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ bá ní "a máa múra jù wọ́n lọ", wọ́n á yáwó, wọ́n á tàn yanran lọ́jọ́ kan, tó bá sì di ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ ò ní yọjú mọ́ torí gbèsè. Bó bá ní "a ò lówó, ẹ jẹ́ ká jókòó sílé", ẹgbẹ́ ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá ní "aṣọ tí gbogbo wa lè san ni ká rà, ẹsẹ̀ ijó wa ni ká kọ́ títí yóò fi dọ́gba, kí Ọba gbé ojú sókè nígbà tó bá kàn wá, lọ́dún tó ń bọ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ kún un", ìrètí oníwọ̀n ló ní yẹn. Ó mọ ẹni tó wà níwájú òun, ó mọ ohun tó wà lápò, ó sì mọ ohun tí òun máa fi mọ̀ pé ọdún dára.

Nínú bọ́ọ̀lù, owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù ni ìwọ̀n tó dájú jù. Ẹgbẹ́ tó ń san owó oṣù tó pọ̀ jù ló sábà máa ń wà lókè líìgì lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Owó tí wọ́n fi ra agbábọ́ọ̀lù àti owó tí wọ́n ń san fún un lóṣooṣù, ẹ má jẹ́ ká máa pín in sí wẹ́wẹ́, orísun kan náà ni wọ́n ti ń wá. Ẹ wo bí orísun náà ṣe rí. Ní sáà 2023/24, Sheffield United ló gbẹ́yìn ní Premier League, wọ́n jábọ́, síbẹ̀ owó tí líìgì pín fún wọn lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn. Ní Scotland, owó tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ẹgbẹ́ méjìlá inú líìgì wọn jọ ń pín kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 30 pọ́n-ùn lọ lọ́dún. Ẹni tó gbẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ju ohun tí Celtic, Rangers àtàwọn mẹ́wàá yòókù jọ pín lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ má rò pé Champions League yóò wá tún un ṣe. Láti 2024, ẹgbẹ́ 36 ló ń wọ ìpele líìgì rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba yúrò mílíọ̀nù 18.62 fún wíwọlé lásán, ìṣẹ́gun kan sì tó mílíọ̀nù 2.1. Ìyẹn dára fún aláìní. Ṣùgbọ́n ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, ohun tí ẹgbẹ́ ti ṣe láwọn ọdún tó kọjá àti bí ọjà tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń pín in. Olówó tún ń gba kún owó.

Kí ló wá dé tí aláìní fi ń nà wọ́n nígbà mìíràn? Góòlù kì í pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Ẹyọ kan lè tó láàárín àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, oríire sì lè gbé ẹyọ kan wá. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 tí líìgì ní, oríire á ti tán. Nítorí náà, ìdíje tí wọ́n ti ń yọ ara wọn jáde ni aláìní ti máa ń tàn, líìgì ló máa ń tú u fó.

Kò sí ẹgbẹ́ tó fi èyí hàn mí kedere tó Rangers ti Glasgow lọ́dún 2022. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí ọmọ wa wà níbẹ̀, Joe Aribo àti Calvin Bassey, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Wọ́n lọ fi góòlù mẹ́rin sí méjì na Borussia Dortmund ní Jámánì. Wọ́n lé Braga, wọ́n fi mẹ́ta sí ẹyọ kan na Leipzig ní Ibrox, pápá wọn. Lọ́jọ́ 18 oṣù karùn-ún, wọ́n wà ní àṣekágbá Europa League, ìdíje tó tẹ̀ lé Champions League, ní Seville, Aribo sì ni ó kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Bassey gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí ẹni tí wọn ò lè sáré kọjá. Eintracht Frankfurt dá a padà, pẹnárítì ló sì gba ife kúrò lọ́wọ́ Rangers.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ta Aribo fún Southampton, wọ́n ta Bassey fún Ajax ti Netherlands. Ó yẹ kí wọ́n tà wọ́n, ibẹ̀ ni owó ti ń wọlé. Rangers wá wọ Champions League, wọ́n bá Napoli, Liverpool àti Ajax pàdé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà, wọ́n fìdí rẹmi nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Góòlù méjì ni wọ́n gbá wọlé, 22 ni wọ́n jẹ. Liverpool nìkan fi méje sí ẹyọ kan nà wọ́n ní Ibrox. Giovanni van Bronckhorst, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbé wọn dé Seville nínú oṣù karùn-ún, wọ́n lé e nínú oṣù kọkànlá.

Èwo ni Rangers gan-an nínú méjèèjì? Ẹni tó fi Seville ṣe ìwọ̀n á ní wọ́n bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́rin. Ẹni tó fi góòlù 22 ṣe é á ní kí wọ́n má lọ sí Yúróòpù mọ́. Méjèèjì ló ṣì í. Ìwọ̀n Rangers wà láàárín: kí wọ́n máa dé ìpele tó ń yọ ara wọn jáde ní Europa League lọ́pọ̀ ọdún, kí wọ́n máa gba ìwọ̀nba àmì nílé bí wọ́n bá wọ Champions League, kí wọ́n sì máa ta agbábọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́n kí wọ́n fi ra mẹ́ta. Bí wọ́n bá tún dé Seville mìíràn, ayọ̀ ni, gbèsè kọ́.

Ìwọ̀n a sì máa yí padà. Finidi George àti Kanu Nwankwo wà nínú Ajax tó na Milan ní Vienna lọ́dún 1995 láti gba ife Yúróòpù, ìkẹrin wọn. Nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ Yúróòpù dá ẹjọ́ Bosman: agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ ti parí lè lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ fún ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1996, Finidi ti wà ní Real Betis, Kanu ti lọ sí Inter. Lọ́dún 2019, Ajax tún na Madrid, wọ́n na Juventus, wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Barcelona sì gbé de Jong, Juventus gbé de Ligt, agbábọ́ọ̀lù wọn méjì, yúrò mílíọ̀nù 75 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ife mẹ́rin tó wà nínú àpótí wọn kò sọ ohun tó yẹ ká bi wọ́n lónìí.

Leeds United ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹni tó kórìíra ìwọ̀n lọ wò. Wọ́n yá mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn lórí ìrètí pé gbogbo ọdún ni wọ́n máa wà ní Champions League. Wọ́n sún mọ́ àṣekágbá lọ́dún 2001. Ní 2004 wọ́n jábọ́, nígbà tó di 2007 wọ́n ti wà ní ìpele kẹta.

Wọ́n á ní ìrètí oníwọ̀n ń pa ìtara. Irọ́ ni. Bodø/Glimt wà lókè Norway, níbi tí yìnyín ti ń bo pápá, pápá ìṣeré wọn ò gbà ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ èèyàn lọ. Ní 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba líìgì orílẹ̀-èdè wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Victor Boniface, ọmọ tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù kó tó di agbábọ́ọ̀lù Leverkusen. Bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń bá àwọn ọmọ wọn sọ, wọn kì í fi ipò lé wọn lórí. Ní 2021, wọ́n fi mẹ́fà sí ẹyọ kan na Roma. Ní 2025, wọ́n lé Lazio, wọ́n bá Tottenham pàdé nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá Europa League. Ìtara wọn kò kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan Rẹ́mọ náà gbọ̀ngbọ̀n. Kunle Soname, tó dá Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ sílẹ̀, ra ìpín tó pọ̀ jù nínú Feirense ti Portugal lọ́dún 2015. Ní Portugal, ẹgbẹ́ márùn-ún péré ló ti gba líìgì rí, Benfica, Porto àti Sporting ló sì kó gbogbo rẹ̀ àyàfi ẹẹ̀mejì, Belenenses ní 1946 àti Boavista ní 2001. Ẹni tó bá bi Feirense ní ife líìgì kò mọ ibi tó wà. Ìwọ̀n Feirense ni kí wọ́n gòkè, kí wọ́n dúró, kí wọ́n sì sọ agbábọ́ọ̀lù di ẹni tí ọjà ńlá ń wá.

Wọ́n gòkè ní 2016, wọ́n sì parí sí ipò kẹjọ nínú ẹgbẹ́ méjìdínlógún ní sáà tó tẹ̀ lé e. Sáà kejì, ipò kẹrìndínlógún, ipò tó kẹ́yìn nínú àwọn tí kò jábọ́. Sáà kẹta, wọ́n gbẹ́yìn, wọ́n padà sísàlẹ̀ ní 2019. Oghenekaro Etebo tí wọ́n mú wá láti Warri Wolves ti gbabẹ̀ dé Stoke City ní 2018, ọdún kan náà tó gbá ife àgbáyé ní Rọ́ṣíà. Bí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ lé ìwọ̀n, Feirense ré kọjá tiwọn ní sáà kìíní, wọ́n bá a mu ní sáà kejì, wọ́n já sísàlẹ̀ rẹ̀ ní sáà kẹta. Benfica kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá.