Dídín mílíìkì kù fún ọmọ tó ń kọ́ oúnjẹ jẹ

Dídín mílíìkì kù ni kí wọ́n máa yọ ọmú tàbí fídà kúrò díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tí ọmọ ń mu lójúmọ́, bí oúnjẹ gidi ṣe ń mọ́ ọn lára. Ó fara pẹ́ jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, torí ọmọ lè máa jẹun dáadáa kó ṣì máa mu ọmú fún ọdún kan gbáko sí i. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni pé kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù 6, láìfi omi pàápàá kún un, kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmú sì máa bá a lọ títí ọmọ á fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú ìyá ni ọmọ ti máa ń kó áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, wá, nǹkan bí oṣù 6 ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tán, áyọ́ọ̀nù inú ọmú ò sì pọ̀ tó láti dí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà tètè wọ inú abọ́ ọmọ, kì í ṣe oúnjẹ tó ṣàn bí omi nìkan.

Mílíìkì ò ṣeé tètè gé o. Ọmọ oṣù 6 sí 8 tó ń mu ọmú, nǹkan bí kálórì 200 péré ló nílò láti inú oúnjẹ lójúmọ́, tó bá di oṣù 9 sí 11 ó di 300, lẹ́yìn ọdún kan ló tó di nǹkan bí 550, ìyókù ọwọ́ ọmú ló wà. Ikùn ọmọ náà ò tóbi, wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí mílílítà 30 fún kílò kan, ọmọ kílò 8 á wá gba nǹkan bí 240 lẹ́ẹ̀kan náà, tí mílíìkì bá ti kún ibẹ̀ tán, ibo ni oúnjẹ fẹ́ gbà? Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń fún ọmọ ní mílíìkì ṣáájú oúnjẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ebi má pa á kó máa ké, tó bá wá tó nǹkan bí oṣù 8 sí 9 wọ́n á yí i padà, oúnjẹ á ṣáájú, ọmọ fúnra ẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi mílíìkì sílẹ̀.

Èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yọ ni ti ọ̀sán, èyí tó sún mọ́ àsìkò oúnjẹ, ti alẹ́ kí ọmọ tó sùn ló máa ń gbẹ̀yìn. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń yọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wò ó fún ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó kan òmíràn. Èyí ṣe ìyá náà lóore, torí bí wàrà bá ń ṣẹ́kù sínú ọmú ni ara ń mọ̀ pé kó dín èyí tó ń ṣe kù, tí wọ́n bá gé e lójijì ọmú á wú, á le, ó sì lè dá ibà àti ìrora sílẹ̀. Tí ara ọmọ ò bá yá, ẹ jẹ́ kí gbogbo ìyọkúrò yìí dúró ná, ìgbà yẹn gan-an ló nílò ọmú jù.

Fún ọmọ tó ń mu mílíìkì inú agolo tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ọwọ́, ìṣirò tó wọ́pọ̀ ni nǹkan bí mílílítà 600 lójúmọ́ ní oṣù 7 sí 9, àti 400 ní oṣù 10 sí 12. Ti mílíìkì màálù, ẹnu ò kò lórí ẹ̀: ọ̀pọ̀ elétò ìlera ní kó má jẹ́ ohun mímu gidi fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023 ní ọmọ oṣù 6 sí 11 tí kò mu ọmú lè mu ún tàbí èyí tó wà nínú agolo. Lẹ́yìn ọdún kan, mílílítà 350 sí 400 lójúmọ́ ti tó, torí ọmọ tó ń gbé fídà kiri látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ò ní jẹun, ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ lè wá dín kù, eyín ẹ̀ náà sì lè jẹrà, ọdún kan yìí náà ni wọ́n máa ń ní kí kọ́ọ̀pù rọ́pò fídà.

Tí wọ́n bá ti yọ mílíìkì yára jù, ìlédìí ọmọ kì í tutù tó bó ṣe yẹ mọ́, ìtọ̀ á pọ́n, ìgbẹ́ á le, kílò ẹ̀ á dúró sójú kan. Wọ́n á dá ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n yọ padà, tí ò bá yí padà kí dókítà wò ó.